Òwú Kẹrin Lẹ́nu Ọ̀nà

"Ẹ dúró níbẹ̀, ìyá."

Ìyá Aránṣọ dúró. Kò kọ́kọ́ rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ọkùnrin kan wà níwájú rẹ̀ tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà tó kún dẹ́nu, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń dún wọnran-wọnran lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì ti tẹrí ba fún un: "Ẹ kú ọjà o, sà." Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ dáhùn. Ó ti bọ́ síta. Àpò ọ̀rá kékeré tó wà lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ, èyí tí atẹ́gùn lè gbé lọ, òun ni ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ sí.

"Rìsíìtì dà?"

Ó ti mú un dání. Ó máa ń mú un dání ni kó tó dé ẹnu ọ̀nà, torí ó ti kíyè sí i pé wọn kì í bi gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé òun.

Ẹ̀ṣọ́ gba ìwé pélébé náà, ó kà á, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó ń kó òwú jáde, ó ń tò ó sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀kan. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹrin jáde. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, búlúù tó fẹ́ jọ eérú, sítíkà ilé ìtajà náà sì wà nídìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Mẹ́ta ló wà nínú ìwé. Mẹ́rin ló wà nínú àpò."

"Ọ̀kan nínú wọn, ilé ni mo ti mú un wá."

"Ilé."

"Ọ̀dọ̀ yín níbí náà ni mo ti rà á lọ́jọ́sí. Mo fi ń wá ẹnìkejì rẹ̀ ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. "Òwú ń wá ẹnìkejì! Ṣé ó fẹ́ gbéyàwó ni?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ ò yíjú padà.

Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló sọ. Kò sí aránṣọ tí ò mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ kì í gbé inú ojú dé ọjà. Èèyàn á wo aṣọ nílé, á ní òun ti mọ̀ ọ́n dáadáa, tó bá wá dé abẹ́ iná ilé ìtajà, oríṣiríṣi búlúù á kàn máa wò ó bíi pé wọ́n mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti wí i fún un títí: òwú la fi ń wá òwú. Nígbà yẹn, lórí pátákó ni wọ́n ti ń ta òwú, ẹni tó ń tà á ló máa bá ọ gbé méjèèjì síta, kí ẹ jọ wò ó nínú oòrùn. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ní ilé tó ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí o bá mú wọlé, ó lè ti di ohun tí o jí kí o tó jáde.

"San owó ẹ̀kẹrin, kí o máa lọ," ẹ̀ṣọ́ wí. Ọ̀wọ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Owó wà níbẹ̀, nídìí ìró rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀. Ó wo àwọn tó ń wò ó. Ó wo òwú. Ó wo ẹ̀ṣọ́: abíyá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti tú, píìnì ló fi há a. Ọwọ́ Ìyá Aránṣọ dúró.

"Mi ò ní san." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Mo ti san án."

"Ó dáa. Lọ dúró níbi ògiri yẹn. Wo ibí. Má pa ojú dé."

Ó pa ojú dé. Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò rẹ̀ nìyẹn. Kó tó mọ bí yóò ṣe gbé ẹsẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ẹnu ọ̀nà, láàárín àwọn ojú mìíràn tí kò mọ̀, lábẹ́ ọ̀rọ̀ gàdàgbà kan: Ẹ ṢỌ́RA FÚN OLÈ. Òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀ṣọ́ tì í mọ́ inú àpótí. Ọjọ́ tó bá sanwó, kó wá gbà á.

*

Ìyá ọkọ rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe káfíńtà lẹ́yìnkùlé, ti wọlé wá jẹun, pẹ́ńsùlù ṣì wà létí rẹ̀, iyẹ̀fun igi wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ìrẹsì wà níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ṣíbí ò tíì dé ẹnu.

"Èló ni òwú kan?"

Ó sọ ọ́ fún un.

"Ìwọ obìnrin yìí! Iye yẹn? Owó tí kò tó ra búrẹ́dì tí eku á jẹ yó! O ò kàn kó o fún wọn?"

"Ṣé owó ni mo ń sọ?"

"Kí lò ń sọ nígbà náà?"

"Bí mo bá san owó nǹkan tí mo ti rà, ẹ sọ fún mi, Bàbá, kí ni mo pe ara mi?"

"O pe ara rẹ ní ẹni tó fẹ́ sùn nílé rẹ̀ ní àlàáfíà." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹni tí a bá pè l'ólè kì í gbé ọmọ ẹran jó. Wọ́n ti ń fura sí àwa tí a fi ẹsẹ̀ rìn wọlé tẹ́lẹ̀. Kí lo tún gbé òwú wọbẹ̀ lọ ṣe?"

"Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá fẹ́ ra ìṣó, ṣé ẹ kì í mú ìṣó dání ni?"

"Ti èmi yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀?"

"Ẹni tó ń tà á fún mi mọ̀ mí."

Ó bu ìrẹsì sẹ́nu, kò jẹ ẹ́, ó kàn gbé e mì. Ìyá rẹ̀ rí òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú sínú páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dún: kọ́ọ́. Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Ó máa kọjá," káfíńtà wí. "Àwọn èèyàn kì í wo ara ògiri."

"Ẹ kú ilé o!"

Ìyá oníbúrẹ́dì ìkòríta ni. Rédíò ni gbogbo ilé ń pè é lẹ́yìn, wọ́n ní òun nìkan ni rédíò tí kì í lo bátìrì. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò jókòó, ojú rẹ̀ ti yí gbogbo yàrá ká.

"Mo kàn ní kí n yà kí yín ni. Kò sí nǹkan o. Ṣé ara yín le?"

"A dúpẹ́," ni Ìyá Aránṣọ wí.

"Ẹ ṣeun. Nítorí mo rí ẹnì kan lára ògiri ilé ìtajà lọ́hùn-ún tó jọ yín. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀yin! Mo ní Ìyá Aránṣọ tí mo mọ̀, imú rẹ̀ ò tóbi tó yẹn."

"Ta lo sọ fún?" Ìyá àgbà ló béèrè. Kò gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀wà.

"Àwọn tó wà níbẹ̀, Màmá."

"Àwọn wo ló wà níbẹ̀?"

Rédíò gbé ejìká sókè. "Ẹ̀yin náà mọ bí ìkòríta ṣe rí. Gbogbo èèyàn ni. Èmi ò sọ nǹkan kan o, àwọn ló ń sọ pé, ẹ mọ̀ pé àwọn aránṣọ náà, àjákù aṣọ onílé àti àlejò ni wọ́n fi ń rán aṣọ ọmọ wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá da àrán bora…"

"Parí ẹ̀," Ìyá àgbà wí.

"Hẹn?"

"Òwe tó o bẹ̀rẹ̀. Parí ẹ̀."

Rédíò wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó wo páànù òkúta. Kò parí ẹ̀. Ó ní búrẹ́dì òun wà nínú oòrùn. Ó lọ.

*

Nọ́ọ̀sì ló tẹ̀ lé e. Ó wá tòun ti bàtà funfun tí wọ́n fi ń rìn láàárín àwọn aláìsàn, kò dúró bọ́ ọ. Òun ló ni aṣọ búlúù tí Ìyá Aránṣọ ń wá òwú rẹ̀. Wọ́n ti fi í ṣe olórí ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí yóò gba ipò náà ló gbé wá fún Ìyá Aránṣọ, kò sì gbé aṣọ fún aránṣọ mìíràn rí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo kàn ní kí n wo aṣọ mi."

Ìyá Aránṣọ mú un kúrò lórí okùn. Apá ti wọ̀ ọ́, ọrùn ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ló ṣì là sílẹ̀, níbi tí síìpù yóò wà. Nọ́ọ̀sì ò wo ọrùn. Ó wo abẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí àjákù wà.

"Èyí tó ṣẹ́kù ńkọ́?"

Ìyá Aránṣọ kó àjákù búlúù jáde. Nọ́ọ̀sì tẹ́ wọn sórí itan rẹ̀, ó ń tò wọ́n mọ́ra wọn, bí ẹni tó ń to egungun. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyẹn ló dun èèyàn jù.

"Gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyí."

"Ẹ bá mi dì í, mà."

"Mi ò tíì fi síìpù sí i. Òwú ni mo lọ…"

"Ẹ bá mi dì í bẹ́ẹ̀." Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀. "Kì í ṣe pé mo gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́ o. Ẹ mọ̀ pé èèyàn ń bẹ̀rù ni."

Ìyá Aránṣọ dì í. Ó ká apá méjèèjì wọnú bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó fi àjákù sí i láàárín, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó rí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, atẹ́gùn gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì gbá àwọn aṣọ tó kù lórí okùn. Gbogbo wọn ń fì, bí ẹni tó ti múra àtilọ. Aṣọ aláṣọ ni gbogbo wọn. Bí fọ́tò yẹn bá sùn síbẹ̀ mọ́jú, kò ní sí ọ̀kan lórí okùn mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàn ń wo okùn.

Ìyá àgbà gbé ẹ̀wà kaná. Ó nu ọwọ́.

"Bá mi mú gèlè mi wá."

"Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?" káfíńtà béèrè.

"Ibi tí wọ́n fi ìyàwó mi kọ́ ògiri sí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn yẹn ní ọlọ́pàá. Ẹni tí ò lówó kì í bá ilé olówó ṣe ẹjọ́."

"Èmi ò ní ẹjọ́ kankan. Dídúró ni mo fẹ́ lọ dúró."

Ìyá Aránṣọ ti mú gèlè wá. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbà á, ó wé e fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn, ọmọ mi, a kì í fi àyà rìn."

Ìyá Aránṣọ mú téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ó fi í kọ́ ọrùn, bó ṣe máa ń kọ́ ọ nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n jáde. Rédíò rí wọn láti ẹ̀yìn búrẹ́dì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to búrẹ́dì tó ti tò tẹ́lẹ̀.

*

Fọ́tò náà buru ju bó ṣe rò lọ. Ó dà bí ẹni tó ń sun oorun nígbà tí ilé ń jó.

Ẹ̀ṣọ́ òwúrọ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. "O ti mú owó wá?"

"Mo wá gba òwú mi. Kí o sì yọ mí kúrò lára ògiri."

"San owó."

"Mi ò ní san."

"Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ń dí ọjà lọ́wọ́."

Kò kúrò. Ó lọ dúró lábẹ́ fọ́tò rẹ̀ gan-an, ó kọjú sí àwọn tó ń jáde. Ìyá àgbà rí kéèsì òfìfo kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó lé e.

Obìnrin kan ń jáde bọ̀. Ìyá Aránṣọ di téèpù ọrùn rẹ̀ mú. Obìnrin náà kọjá. Òmíràn dé.

"Èmi nìyí," Ìyá Aránṣọ wí. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò. "Èmi ni mo wà lára ògiri. Aránṣọ ni mí. Òwú tí mo mú láti ilé wá ni wọ́n ní mo jí."

Obìnrin náà wo ògiri, ó wo òun, ó yára lọ. Ìyá Aránṣọ tún un sọ fún ẹlòmíràn. Ó tún un sọ. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye ìwọ̀n àyà àti ìbàdí. Àwọn kan dúró. Ẹnì kan ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ̀yin náà rèé?" Ó ní, "Èmi ni." Kò fi ojú pamọ́.

Ẹ̀ṣọ́ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bí nǹkan bá sọnù níbí, inú owó oṣù mi ni wọ́n ti ń yọ ọ́."

"Mo gbọ́," ó wí. "Nǹkan wo ló sọnù?"

Ẹ̀ṣọ́ lọ pe mánéjà.

Mánéjà dé, ọkùnrin onítáì tí òórùn ìpara rẹ̀ ti kọ́kọ́ dé kí òun tó dé. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó ní kí Màmá dìde lórí kéèsì, ohun ìní ilé ìtajà ni. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, tó bá di ọ̀la, wọ́n á rí sí i.

"Ẹ ò dúró di ọ̀la kí ẹ tó lẹ̀ mí mọ́ ọn," Ìyá Aránṣọ wí.

"Ìyá, òfin ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń jáde, a máa yẹ rìsíìtì rẹ̀ wò. Gbogbo èèyàn ló wà fún."

"Gbogbo èèyàn?" Ìyá àgbà béèrè.

"Gbogbo èèyàn, Màmá."

"Ẹ ṣeun."

Láti ìgbà náà, Ìyá àgbà di òṣìṣẹ́ ilé ìtajà. Ẹni tó bá ti yọjú, ó ti kí i: "Ẹ kú ọjà o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, ẹ fi rìsíìtì yín han ẹ̀ṣọ́. Mánéjà ní gbogbo èèyàn ni." Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúró. Ìlà gùn dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ. Ẹ̀ṣọ́ ń làágùn.

Ibẹ̀ ni káfíńtà ti dé. Pẹ́ńsùlù ṣì wà létí rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ fọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún ẹni tó ń kọjá pé, "Èmi nìyí." Ó wúkọ́. Ó ní, "Èmi lọkọ ẹ̀."

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò dún. Ọkùnrin òwúrọ̀ yẹn ni. Gílóòbù iná tó rà lówùúrọ̀ kò wọ ojú ihò rẹ̀, ó ti padà wá ra òmíràn, àpò ọ̀rá kékeré ló mú dání lọ́tẹ̀ yìí. Ó ya ìlà sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹ̀ṣọ́ tẹrí ba.

"Ẹ kú ọjà o, sà."

"Ọmọ mi," Ìyá àgbà wí láti orí kéèsì, "o ò yẹ tiẹ̀ wò."

Ẹ̀ṣọ́ wo mánéjà. Mánéjà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ọkùnrin náà béèrè.

"Kò sí nǹkan, ọkọ mi. Òfin ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó na àpò sí i. Ẹ̀ṣọ́ mú gílóòbù kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Ó mú òmíràn jáde. Ó ka rìsíìtì. Ó tún un kà. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé.

"Èyí yẹn, ilé ni mo ti mú un wá," ọkùnrin náà wí, ojú rẹ̀ ti wà lára aago ọwọ́. "Mo fi wá irú rẹ̀ ni, kí n má tún ra èyí tí ò ní wọ̀ ọ́."

"Ó yé mi, sà. Ẹ máa lọ, sà."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lórí ìlà. Ọkùnrin náà kó gílóòbù rẹ̀, ó lọ. Ìyá àgbà pa ọwọ́ pọ̀ sórí itan. Mánéjà gbé ọwọ́ sí táì rẹ̀, bíi pé ó ti fún un lọ́rùn jù.

"Ti èmi ńkọ́?" Ìyá Aránṣọ béèrè.

Ẹ̀ṣọ́ ò dúró gba àṣẹ. Ó lọ síbi ògiri, ó fà á. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Fọ́tò náà ya. Ojú jáde, iwájú orí jáde, ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ kù sára ògiri. Ó na èyí tó já sí i.

"Èyí tó kù," Ìyá Aránṣọ wí.

"Mà?"

"Àgbọ̀n mi. Yọ ìyẹn náà."

Ó fi èékánná họ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Gbogbo ìlà dúró, Ìyá Aránṣọ náà dúró, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ iṣẹ́ tó ń tú ìránkúrán, títí ògiri fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ṣọ́ ṣí àpótí, tó kó òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Mánéjà ò sọ pé ẹ má bínú. Kò sì sí ẹni tó dúró gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn wọn. Obìnrin kan tó gbé garawa lérí ló ń bá wí.

"Rìsíìtì dà?"

Ìyá àgbà tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Ẹ̀wà mi ti jóná," ó wí.

Níbi tí ọ̀nà ti pín, káfíńtà yà sí ọ̀nà ilé. Ìyàwó rẹ̀ ò yà.

"Ọ̀nà ilé kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Kí lo fẹ́ wí fún nọ́ọ̀sì?"

"Mi ò ní wí nǹkan kan. Síìpù ló kù."

Ó kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì. Wọn ò dáhùn. Ó tún un kàn, ó le díẹ̀ sí i. Wọ́n ṣí i ní ìwọ̀nba tí ojú kan lè gbà yọ. Ìyá Aránṣọ gbé òwú kẹrin sókè sí ojú náà.

"Mo wá parí iṣẹ́ mi," ó wí.